DJI Mini 4K: ẹ kọ́kọ́ bi í bó ṣe ń já, kí ẹ tó bi í bó ṣe ń fò

Ẹni tó bá fẹ́ ra dróònù àkọ́kọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ló sábà máa ń gbẹ́nu lé. Kámẹ́rà ò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló máa ná an lówó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ tí dróònù bá já ni owó ń jáde. Kí ló kọ́kọ́ ń kán lára rẹ̀? Ṣé ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lọ́jà? Ṣé èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe? Kó tó kan àtúnṣe pàápàá, báwo lèèyàn ṣe máa rí i he? Ojú yẹn la fi wo DJI Mini 4K.

Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni DJI, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, gbé e jáde, ní dọ́là 299 ní Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ ló jẹ́ tuntun, ara rẹ̀ ti pẹ́: òun àti Mini 2 tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 jọ ara wọn bí ìbejì. Kò ju gíráàmù 249 lọ tòun ti bátìrì. Àwọn kan ń fi èyí bú u, wọ́n ní ògbólógbòó ni wọ́n fi ọ̀dà tuntun kùn. Wọn ò purọ́, àmọ́ fún ẹni tí dróònù rẹ̀ máa já, ibẹ̀ gan-an ni èrè wà. Abẹ̀bẹ̀ Mini 2 bá a mu, bátìrì Mini 2 náà wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá lọ wá ẹ̀yà ara ní Computer Village n'Íkẹjà, kó má fi orúkọ Mini 4K da ara rẹ̀ láàmú, ti Mini 2 ni kó béèrè. Bátìrì Mavic Mini tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn kò bá a mu o, bó tilẹ̀ jọ ọ́ lójú.

Nínú páálí, ẹ máa bá dróònù, rìmóòtù RC-N1C, bátìrì kan, abẹ̀bẹ̀ ìpààrọ̀, sùkúrúù wínníwínní, sùkúrúdíráfà tí wọ́n fi ń dè é, àti wáyà fóònù. Ṣájà ò sí níbẹ̀. Ṣájà USB-C oníwáàtì 18 máa kún bátìrì kan láàárín wákàtí kan àti nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ṣájà fóònù hẹ́ẹ́hẹ́ẹ́ á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Rìmóòtù ò ní ojú tirẹ̀, fóònù yín ló máa di ojú rẹ̀. Tí fóònù bá jẹ́ Android, ẹ má wá áàpù DJI Fly lọ sí Play Store, kò sí níbẹ̀; orí ìkànnì DJI lẹ ti máa gbà á. Ilé tí íntánẹ́ẹ̀tì wà ni kí ẹ ti parí gbogbo èyí. Dróònù tí ẹni tó ń fò ó ò bá tíì wọlé sí àkáǹtì rẹ̀ nínú áàpù, mítà 30 sókè àti mítà 50 síwájú ni ibi tó lè dé mọ. Òde ìnáwó, níbi tí ìyàwó ti ń wọlé bọ̀ tí gbogbo ojú ń wo oníkámẹ́rà, kọ́ ló yẹ kí èèyàn ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti fífò, kò sí ẹjọ́ púpọ̀ láti rò. Fídíò 4K ló ń yà, férémù 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gimbal rẹ̀ ń di kámẹ́rà mú ní ọ̀nà mẹ́ta kó má bàa máa mì. Fọ́tò rẹ̀ jẹ́ mẹ́gápíksẹ́lì 12. Lọ́sàn-án gangan, àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó dà bí ẹni pé wọ́n ku iyanrìn sí i. Ilé iṣẹ́ ní bátìrì kan á gbé e fún ìṣẹ́jú 31. Ibi tí atẹ́gùn kankan ò ti fẹ́ ni wọ́n ti wọn ìyẹn. Ẹ fi ìṣẹ́jú 22 sí 25 ṣe ìṣirò yín, kí ẹ sì ti balẹ̀ kí bátìrì tó wálẹ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní ó lè kojú atẹ́gùn tó ń lọ ní mítà 10.7 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ìjì tó máa ń ṣáájú àkọ́rọ̀ òjò ju ìyẹn lọ. Tí ojú ọ̀run bá ti ń dúdú bọ̀, ẹ kó irinṣẹ́ yín.

Ohun tó ń já dróònù yìí ò pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, bọ́tìnnì ìpadàsílé tí àwọn èèyàn fọkàn tán ni. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tàbí tí rìmóòtù àti dróònù ò bá gbúròó ara wọn mọ́, dróònù á gòkè dé gíga tí ẹ yàn fún un nínú áàpù, á wá ta wọ̀ọ̀ padà síbi tó ti gbéra. Bẹ́ẹ̀ ni kò lójú níwájú. Ojú kan ṣoṣo tó ní, abẹ́ ikùn ló wà. Tí ẹ bá yan mítà 25, tí òpó ilé iṣẹ́ fóònù tó ga ní mítà 40 wà lójú ọ̀nà, á lọ forí sọ ọ́ ni. Gbogbo ibi tuntun tí ẹ bá dé, ẹ wo ohun tó ga jù láyìíká, ẹ fi nǹkan bíi mítà 15 lé e, kí ẹ tẹ iye yẹn sínú áàpù kí ẹ tó gbéra. Kí ẹ sì rántí pé gígòkè ló kọ́kọ́ ń ṣe: dróònù tó bá wà lábẹ́ igi tàbí lábẹ́ afárá nígbà tí bọ́tìnnì yẹn ṣiṣẹ́, ohun tó wà lókè orí rẹ̀ ló máa gbá.

Ilé tó ń padà sí náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kí ẹ tó gbéra, ẹ dúró kí sátẹ́láìtì pé. Ohùn kan á jáde nínú fóònù, á ní Home Point ti wọlé, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí máàpù. Nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ni. Ẹni tó bá kánjú fò kó tó gbọ́ ohùn yẹn, ibi tí sátẹ́láìtì bá ti ráyè rí dróònù lókè ni dróònù máa pè ní ilé, ó sì lè jẹ́ àárín ọ̀sà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó gbéra látinú ọkọ̀ ojú omi: ọkọ̀ á máa lọ, ilé á dúró sójú omi níbi tó wà.

Òkè dẹ́kìn náà ti jẹ dróònù púpọ̀. Rọ́ọ̀dù inú kọnkéré, páànù òrùlé, bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, àti irin tí wọ́n gbé táǹkì omi lé, gbogbo wọn ló ń da kọ́ńpáàsì lórí rú. Áàpù á ní kí ẹ ṣe kálíbréṣọ̀n, ìyẹn kí ẹ tún kọ́ kọ́ńpáàsì ní ibi tó kọjú sí. Tí ẹ bá ṣe é lórí dẹ́kìn yẹn, irọ́ lẹ kọ́ ọ. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ gbalasa, kí kọ́kọ́rọ́, aago ọwọ́ àti spíkà jìnnà sí i. Ẹ gbé e gbọọrọ kí ẹ yí i ká pátápátá lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá dojú kámẹ́rà rẹ̀ kọlẹ̀, kí ẹ tún yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ó mọ dróònù tí kọ́ńpáàsì rẹ̀ ti dàrú: dípò kó dúró sójú kan, á máa yí po bí omi tó ń wọ ihò, yíyí yẹn á sì máa fẹ̀ sí i. Tí ẹ bá rí èyí, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì ìpadàsílé rárá. Ẹ rọra fọwọ́ ara yín darí rẹ̀ balẹ̀ kó tó jìnnà.

Atẹ́gùn tó wà ní mítà 100 lókè kì í ṣe èyí tó ń fẹ́ yín létí nílẹ̀. Bí dróònù bá ń lọ fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, atẹ́gùn ló ń tì í láti ẹ̀yìn, àbọ̀ ló máa gba owó rẹ̀. Nítorí náà, kí àlọ kojú atẹ́gùn, kí àbọ̀ gbá tẹ̀ lé e. Tó bá ti kó yín sí i, ẹ mú un wálẹ̀ sí bíi mítà 30 tí kò bá sí ohun tó dínà, kí ẹ yí bọ́tìnnì orí rìmóòtù láti N sí S. N ń sáré mítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá, S ń sáré mítà 16. Mítà mẹ́fà yẹn ló máa ń gbé e délé. Tí bátìrì bá wálẹ̀ jù, dróònù á bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ láìgbàṣẹ. Nígbà yẹn náà, ẹ ṣì lè darí rẹ̀: ẹ ti igi ìdarí tó ń gbé e sókè síwájú kí ó má yára wálẹ̀, kí ẹ fi igi kejì gbé e kúrò lórí omi tàbí lórí títì.

Ojú abẹ́ ikùn yẹn máa ń ṣìṣe lórí omi tó ń dán, lórí ilẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, àti nínú òkùnkùn. Ẹ má fò ní ìsàlẹ̀ mítà méjì lórí omi. Bátìrì tí kò wọlé tán náà wà níbẹ̀: ẹ tì í títí ẹ ó fi gbọ́ kó dún "kẹ́", kí ẹ sì fi èékánná fà á wò. Bátìrì tó bá yọ lókè, kò sí bọ́tìnnì tó máa gbà yín. Àwòdì ńkọ́? Ní Èkó àti Ìbàdàn, ẹ máa pàdé wọn. Tó bá ti ń yí dróònù yín ká, ẹ má sá wálẹ̀, ìsàlẹ̀ ni agbára tirẹ̀ wà. Ẹ gun òkè kíákíá, kí ẹ jẹ́ kó kọjá, kí ẹ wá balẹ̀, kí ẹ sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà.

Tó bá wá já ńkọ́? Ẹ fa igi ìdarí méjèèjì wálẹ̀ sínú, kí orí wọn kọjú síra wọn, kí ẹ sì dì í mú títí ẹ́ńjìnnì á fi dákẹ́. Abẹ̀bẹ̀ tó há tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń tì í ló ń sun pátákó iná inú rẹ̀. Ẹ má pa áàpù. Ẹ má sì sáré. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù bó ṣe wà, nítorí ohun tí kámẹ́rà rí kẹ́yìn wà níbẹ̀: páànù pupa, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, etí ògiri. Ẹ wá wọ Profile nínú DJI Fly, kí ẹ tẹ Find My Drone. Máàpù á fi ibi tó gbẹ̀yìn sí hàn, bọ́tìnnì kan sì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ kí iná rẹ̀ máa ṣẹ́jú kó sì máa ké fíì-fíì. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń ké yẹn, kò ní spíkà. Ohùn náà ò lè tú jáde tó bá ti bọ́ sínú ẹrẹ̀ tàbí koríko tó ki. Tí bátìrì bá sì ti yọ, tàbí tó ti tán, kò ní ké. Ìdí nìyẹn tí wákàtí àkọ́kọ́ fi ṣe pàtàkì. Tí íntánẹ́ẹ̀tì ò bá dáa níbẹ̀, ẹ da nọ́ńbà ibi tó wà kọ, kí ẹ fi Google Maps rìn dé ibẹ̀.

Tí ẹ bá débẹ̀, òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ilẹ̀. Ohun tí kò wọ̀n ju gíráàmù 249 lọ, ewé igi lè gbé e dúró, àwọ̀ eérú rẹ̀ sì jọ sánmà tó ṣú dùdù. Ẹ dúró sójú kan, kí ẹ jẹ́ kó ké, kí ẹ yí orí yín kiri, kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀ kan. Lórí igi, ẹ má lẹ òkò. Ọ̀pá PVC méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ so pọ̀, tí ìkọ́ wà lórí rẹ̀, á ṣe é fún igi máńgòrò. Fún ọ̀pẹ àti àgbọn, ẹ wá ẹni tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ, ẹ bá a dúnàá-dúrà, kí ẹni mẹ́rin sì na aṣọ ìbora sábẹ́. Ẹ sọ fún un pé kó má dì í mú ní ojú kámẹ́rà. Tó bá jẹ́ wáyà NEPA ló há sí, ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá títí àwọn oníná á fi dé. Ọ̀pá oparun tútù ń gbé iná o.

Omi ló burú jù. Omi odò, ẹ yọ bátìrì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má tàn án wò, ẹ tú ohun tí ẹ bá lè tú, kí ẹ fi atẹ́gùn fáànù gbẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì ó kéré tán. Omi iyọ̀ ọ̀sà tàbí òkun, ẹ kọ́kọ́ fi omi tó mọ́ ṣan iyọ̀ kúrò, kí ẹ wá fi ọtí isopropyl ṣàn án kí ẹ tó gbẹ ẹ́, nítorí iyọ̀ á máa jẹ pátákó iná lẹ́yìn tí omi ti gbẹ. Ìrẹsì tí wọ́n ń kó fóònù sí kì í fa iyọ̀. Bátìrì tó bá ti mu omi iyọ̀, ẹ má cháàjì rẹ̀ láé. Ẹ gbé e sínú bàsíà iyanrìn lóde, kó jìnnà sílé.

Ibi àtúnṣe ni Mini 4K ti gba máàkì lọ́wọ́ wa. Abẹ̀bẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ, òun náà ló sì ná owó díẹ̀ jù. Méjì wà lórí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ lápapọ̀. Ẹ máa fi èékánná tọ́ etí wọn lọ láti ìdí dé orí: ibi tó bá ti gbọ́ èékánná, bó ti wù kó kéré, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ èkejì rẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì kan náà. Oríṣi méjì ni wọ́n: èyí tó ní àmì àti èyí tí kò ní. Èyí tó ní àmì, orí apá tó ní àmì ló ń lọ. Ẹni tó bá gbé wọn ṣìpò, dróònù rẹ̀ ò ní gòkè, ńṣe ló máa dojú dé lórí ilẹ̀ lẹ́sẹ̀kan náà, yóò sì tún ṣẹ́ abẹ̀bẹ̀ tuntun. Sùkúrúù tuntun tó bá abẹ̀bẹ̀ wá ni kí ẹ lò, ẹ sọ ti àtijọ́ nù. Eyín rẹ̀ ti ń jẹ, kì í sì í dúró mọ́. Tí ẹ bá dè é tán, abẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì lè yí fàlàlà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn abẹ̀bẹ̀, ẹ fi ìka yí ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, etí yín súnmọ́ ọn. Òòfà wà nínú wọn, ó sì máa ń fa èérún irin inú iyanrìn. Èyí tó bá ń dún rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́, ẹ fi téèpù tó ń lẹ̀ fa èérún náà jáde; ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á wọ ibẹ̀. Ẹ wá dì oríkèé apá kọ̀ọ̀kan mú, kí ẹ mì í díẹ̀: èyí tó bá lọ ju àwọn yòókù, ó ti sán nínú.

Gimbal ni ibi tó gbówó lórí. Tí kámẹ́rà bá sọ̀ sílẹ̀ gẹ̀gẹ̀, rọ́bà wínníwínní tó gbé e ti yọ nínú ihò. Ẹ̀mú kékeré ló máa dá a padà. Tó bá ń yí dáadáa ṣùgbọ́n tí ojú fóònù dúdú, wáyà pẹlẹbẹ bíi rìbọ́ọ̀nù tó lọ sídìí kámẹ́rà ló já, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá ń gbọ̀n tí áàpù ń pariwo pé ẹrù gimbal ti pọ̀ jù, irin rẹ̀ ti tẹ̀. Kí ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó bóyá ìdérí kámẹ́rà ṣì wà lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti san owó àtúnṣe nítorí ìdérí tí wọ́n gbàgbé.

Àyẹ̀wò tó kẹ́yìn ni ti ìdúró lókè. Ẹ gbé e sókè ní mítà kan ààbọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, láìfọwọ́ kan igi ìdarí, kí ẹ balẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú ẹsẹ̀. Tí ọ̀kan bá gbóná ju àwọn tó kù, ibẹ̀ ni àrùn wà.

Bátìrì ò fẹ́ràn ooru wa. Ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni òpin rẹ̀, dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tó dúró sí oòrùn sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá balẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó cháàjì. Èyí tó bá ti wú, tó fi ṣòro láti wọlé tàbí láti yọ, ẹ̀mí rẹ̀ ti tán. Ẹ má fagídí tì í.

Ní ti òfin, gíráàmù 249 yẹn wúlò jù ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹni tó ń fi ṣeré ò ti ní láti forúkọ dróònù tí kò tó gíráàmù 250 sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò TRUST tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ní Britain, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, gíráàmù 100 ni ìlà ti bẹ̀rẹ̀: ẹ nílò Flyer ID, ìyẹn nọ́ńbà ẹni tó ń fò ó, àti Operator ID, ìyẹn nọ́ńbà ẹni tó ni ín, nítorí kámẹ́rà. Ti Nàìjíríà yàtọ̀. NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú, ló ń fúnni láṣẹ, ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò, ló ń fúnni ní End User Certificate, ìwé ẹ̀rí ẹni tó máa lò ó, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù sì lè gba dróònù tí ìwé rẹ̀ ò pé. Ẹ̀yin tó wà lókè òkun tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àbúrò nílé, ìwé ni kó ṣáájú ẹrù.

Tí owó bá tó, Fly More Combo ni kí ẹ rà, nítorí bátìrì mẹ́ta ló bá a wá. Abẹ̀bẹ̀ páálí méjì ni kó tẹ̀ lé e kí ẹ tó ronú lórí ohunkóhun mìíràn. Ní Britain àti Amẹ́ríkà, DJI Care Refresh, ètò ìdáàbòbò tí DJI ń tà fún dróònù tó bá bà jẹ́, yẹ fún ẹni tó bá máa fò lórí omi. Tó bá jẹ́ tókúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ má sanwó nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n ti cháàjì bátìrì nínú áàpù, ẹ gbé bátìrì lé tábìlì kí ẹ wò ó bóyá ikùn rẹ̀ tẹ́ dáadáa, ẹ yí ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wá ní kí olùtajà gbé e jáde, kó fò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún lójú yín. Tó bá ní bátìrì ò sí lọ́wọ́, ẹ máa bá tiyín lọ.